Ọpẹ́ mẹ́ta kọ́, ìtọsẹ̀ ire ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó dábàá "ọpẹ́ mẹ́ta" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ìdánrawò tí Martin Seligman, onísàìkọ́lọ́jì (onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá) ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí rẹ̀ lọ́dún 2005: kéèyàn máa kọ ohun mẹ́ta tó lọ déédéé sílẹ̀ lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ká pe ẹ̀kọ́ tí ìdánrawò náà ti wá, ìyẹn "positive psychology", ní "ìmọ̀ ọkàn rere". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ti ìkejì yẹn ò le. Ẹni tó bá gbọ́ "ọkàn rere" á rò pé ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ni. Ohun tí Seligman ń wí láti 1998 ni pé kí àwọn onísàìkọ́lọ́jì má wo àìsàn ọkàn nìkan, kí wọ́n wo ohun tó ń mú ayé dùn-ún gbé pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sì dábàá "ìmọ̀ ìgbádùn" o. Fàájì àti ọtí nìyẹn létí ará Àkúrẹ́.

"Ọpẹ́" gan-an ló ká mi lára. Mo ní àbúrò kan tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba. Mo ní kó máa kọ ọpẹ́ mẹ́ta. Alẹ́ àkọ́kọ́: "Mo jí. Mo jẹun. Àlàáfíà wà." Alẹ́ kejì, bákan náà. Ní ìkẹta ó fi "Ògo f'Ólúwa" kún un, ó pa ìwé dé. Kò jẹ̀bi. Ọpẹ́ ní ẹni tí à ń dá a fún. Bí a bá ti dá a tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀, ìdajì ìdánrawò yẹn ni pé kéèyàn kọ ohun tó fa ire kọ̀ọ̀kan.

"Oore mẹ́ta" náà ò bá a mu, torí oore ní olóore. Ire ò bèèrè ẹni tó ṣe é: ire owó, ire ọmọ, kó ṣáà ti wọlé. Nígbà tí mo yí i sí "ire mẹ́ta, kí o tọsẹ̀ wọn", àbúrò mi kọ ọ́ pé: "Mo parí aṣọ aláṣọ kí wọ́n tó wá gbà á. Ìdí: mo kọ̀ láti gba iṣẹ́ kánjúkánjú tí wọ́n gbé wá l'Ọ́jọ́rú." Ó wò ó títí, ó ní, "Àṣé èmi ni mo fà á." Ìtọsẹ̀ ire, mo fara mọ́ ọn. Ẹnì kan á ní ọlọ́pàá ló ń tọsẹ̀. Ọdẹ náà ń tọsẹ̀ ẹran, a sì ń jẹ ẹ́. Nínú ìwádìí yẹn, inú àwọn tó ṣe é ṣì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà; "mo jí, mo jẹun" ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọpẹ́ ti tọ́ ni ìdánrawò mìíràn nínú ìwádìí kan náà, ti lẹ́tà: kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣe ọ́ lóore tí o ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí o sì fọwọ́ ara rẹ gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n pè é ní "ìdúpẹ́ àná". Ṣùgbọ́n "ẹ ṣeun àná" kì í kọjá ọjọ́ kejì. Oore ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Gbèsè nìyẹn. Mo dábàá ọpẹ́ àjẹsílẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló kọ́kọ́ mú inú dùn jù nínú ìwádìí náà, ó sì ti rọlẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta: bó ṣe ń rí nìyẹn téèyàn bá san gbèsè, ara á fúyẹ́, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pe gbèsè tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní Oǹdó? Bó bá dùn létí ju àjẹsílẹ̀ lọ, màá gbà á.