Pátákó lítà 75 àti wíǹgì 4 m²: ṣé kí n rà á?

Ará Òkè-Fíà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wing foil, pátákó tó ní fọ́ìlì lábẹ́ (ìyẹ́ inú omi tó ń gbé pátákó sókè lórí eré), tí èèyàn á di wíǹgì (ìgbòkun kékeré tí a ń fọn) mú lọ́wọ́ kí atẹ́gùn máa fà á. Kílò 82 ni mí, mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ẹnìkan ń ta àlòkù: pátákó lítà 75, fọ́ìlì tí ìyẹ́ iwájú rẹ̀ jẹ́ 900 cm², òpó tó so ìyẹ́ mọ́ pátákó 90 cm, wíǹgì 4 m². Ṣé kí n rà á? Ṣé Odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí ṣeé lò?

Ará Òkè-Baálẹ̀: Àbúrò, má rà á. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn lẹrù yẹn wà fún. Lítà kan nínú ìtóbi pátákó ń gbé nǹkan bíi kílò kan lórí omi. Ìwọ 82, pátákó fúnra rẹ̀ bíi 7, fọ́ìlì 4 tàbí 5: ó ti lé ní 90. Lítà 75 á rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Fi 30 sí 40 lé ìwọ̀n ara rẹ. Lítà 115 sí 120 ló yẹ ọ́, kó sì fẹ̀ tó 70 cm.

Fọ́ìlì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìyẹ́ 900 ò ní gbé ọ sókè àfi tí eré bá ti pọ̀, atẹ́gùn ilẹ̀ wa kì í sì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Wá 1,800 sí 2,000 cm², èyí tó ń gbéra nígbà tí o ṣì ń lọ jẹ́jẹ́. Òpó 70 sí 75 cm ti tó, torí bí òpó bá ṣe gùn tó náà ni ìṣubú ṣe ń le tó. Wíǹgì 6 m² ni kó o kọ́kọ́ ní. Tí omi bá ti ń yọ ìfófó funfun káàkiri, bíi knot 12 nìyẹn (nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan), ó ti tó láti gbéra.

Ará Ayégbajú: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Tó bá jẹ́ àlòkù náà lo máa rà, tú gbogbo súkúrù fọ́ìlì lójú ẹni tó ń tà á. Irin tí kì í dípẹtà ni súkúrù, òpó sì sábà máa ń jẹ́ aluminíọ̀mù. Tí omi iyọ̀ bá wọ àárín wọn, aluminíọ̀mù á jẹra. Wàá rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ihò. Tí súkúrù bá ti lẹ̀ mọ́ra tàbí tí orí rẹ̀ ti yí, fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìlò, fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, kó o fi gíríìsì ọkọ̀ ojú omi pa súkúrù kó o tó dè é padà.

Fọn wíǹgì dé iye psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú rẹ̀) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìfọn, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá rọ̀, ó ń jò. Fi àtàǹpàkò tẹ ojú pátákó níbi tí ẹsẹ̀ máa ń wà. Ibi tó bá rọ̀ ti mumi nínú.

Ará Oríta Ọláìyá: Odò Ọ̀ṣun kọ́. Àpáta pọ̀ níbẹ̀, omi ò jìn, igbó Ọ̀ṣun sì jẹ́ ibi ọ̀wọ̀. Fọ́ìlì ń fẹ́ omi tó jìn ju mítà 1.2 lọ. Adágún ìsédò Erinlẹ̀ jìn, àmọ́ omi mímu ni, gbàṣẹ kó o tó wọ̀ ọ́, kó o bi àwọn apẹja ibi tí àwọ̀n àti kùkùté wà. Àwọ̀n kan ṣoṣo tó bá mú fọ́ìlì lórí eré á jù ọ́ síwájú. Má dúró pẹ́ nínú koríko etí omi, ibẹ̀ ni ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá wà. Tí ìtọ̀ bá pọ́n, lọ ṣàyẹ̀wò.

Etíkun Èkó ni atẹ́gùn wà, lọ́sàn-án, pàápàá July sí August. Ó ń fẹ́ wá síhà ilẹ̀, á dá ọ padà sétí. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn òwúrọ̀ lè fẹ́ lọ sójú òkun: má wọ̀ ọ́. Má gbàgbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, okùn ẹsẹ̀ fún pátákó, òmíràn fún wíǹgì.

Ará Òkè-Fíà: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè ra fọ́ìlì lọ́tọ̀, pátákó lọ́tọ̀?

Ará Òkè-Baálẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, tí ojú irin méjì tó jìnnà síra ní 90 mm bá wà lábẹ́ pátákó, súkúrù M8 (tó nípọn ní 8 mm) mẹ́rin ló ń di òpó mọ́ ọn. Àmọ́ ra òpó, ọ̀pá àárín (tó so àwọn ìyẹ́ mọ́ òpó) àtàwọn ìyẹ́ fọ́ìlì lápapọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn.