Fadá tó lo ayé rẹ̀ nídìí ìwé àwọn Híńdù: kí ni kí n sọ fún bàbá yìí?

Ọmọ Katikíìsì, Kábà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ̀rọ̀, mo sì ti ní ọ̀rọ̀ Fadá Raimon Panikkar ni mo máa sọ. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi ní, "Tíṣà, fadá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé abọ̀rìṣà, ṣé ẹ fẹ́ kó ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà ni?" Ẹnu mi wọhò.

Ohun tó so mí mọ́ ọkùnrin náà rèé. Katikíìsì ni bàbá mi. Bùnú ni wọ́n ti bí ìyá wọn. Nígbà tí màmá àgbà yẹn kú, àwọn ẹbí gbé aṣọ ìpọ̀ wá, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà ní Bùnú. Bàbá mi ò jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ wọn ò jó o, wọn ò sì fi tọrẹ. Wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú àpótí pákó tí ìwé katikísímù wọn wà. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo jí àpótí náà ṣí: òórùn káńfọ̀ kọ́kọ́ gbá mi nímú, lẹ́yìn náà ìwé tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa yẹn nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ti ìyá mi ni." Ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Panikkar jù mí lọ, ẹ gbà mí.

Ará Ìsánlú tó wà l'Ábújá

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Mo lo ọdún díẹ̀ ní sẹ́mínárì kí n tó fi í sílẹ̀ (ìyá mi ò tíì dárí jì mí). Ibi tí wọ́n ti bí i ni kẹ́ ẹ ti mú un. Barcelona ní Sípéènì ni, ní 1918. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àgùdà, ará Katalóníà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Híńdù, ará Kerala ní Íńdíà. Kò lọ wá ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn kiri o, ilé bàbá rẹ̀ ló lọ. Ó ti di fadá láti 1946, ó gba oyè dókítà mẹ́ta: filọ́sọ́fì, kẹ́místìrì, àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Róòmù ní 1961. Ìparí 1954 ló tó fẹsẹ̀ tẹ Íńdíà, ẹni ọdún 36 sì ni nígbà yẹn. Nígbà tó yá ó ń gbé ní Varanasi, létí odò Ganges, ó ń fi Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ka Veda àti Upanishad, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, láàárín àwọn tó ni ín.

Ní 1964, ìwé rẹ̀ *The Unknown Christ of Hinduism* jáde. Bó ṣe yé mi, ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe àwa là ń ru Kristi lọ bá Híńdù bí ẹni ru ẹrù lọ sọ́jà. Ó ti wà níbẹ̀ ká tó dé. Lọ́dún kejì, 28 Oṣù Kẹwàá 1965, Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, gbé *Nostra Aetate* jáde, ìkéde lórí àwọn ẹ̀sìn mìíràn. Ó ní Ìjọ ò kọ ohunkóhun tó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú àwọn ẹ̀sìn wọ̀nyẹn, ó sì dárúkọ ti Híńdù. Ẹ kà á sí bàbá yẹn létí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, pé òun kúrò ní Yúróòpù ní Kristẹni, òun rí i pé Híńdù lòun, òun padà ní ẹlẹ́sìn Búdà, òun ò sì yéé jẹ́ Kristẹni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti gba máíkì lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ìjọ ECWA ni mí, mi ò kí ń ṣe Àgùdà. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ mẹ́ta. Mo sì gbọ́ pé wọ́n jó òkú rẹ̀, wọ́n pín eérú, wọ́n gbé apá kan lọ sínú Ganges. Òkú làwa ń gbé wálé, a kì í pín in.

Ará Ìsánlú tó wà l'Ábújá

Màmá, òótọ́ ni. 26 Oṣù Kẹjọ 2010 ló kú, lẹ́ni ọdún 91, ní Tavertet, abúlé orí òkè kan ní Katalóníà. Apá kan eérú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyókù wà nínú Ganges. Lórí èyí, Róòmù gan-an wà lẹ́yìn yín: wọ́n gbà kí wọ́n máa jó òkú láti 1963, ṣùgbọ́n ní 2016 wọ́n ní kí wọ́n má fọ́n eérú rárá.

Ti eku méjì yẹn ni mi ò gbà. Ní 1977 ó gbé *The Vedic Experience* jáde, ẹsẹ̀ Veda tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 900 ojú ewé. Orí tó dàrú kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ní 1964 náà, òun àti Henri Le Saux, mọ́ńkì ará Faransé, jọ gòkè dé Gangotri lórí Himalaya, wọ́n sì ṣe Míísà níbẹ̀. Míísà ni o, màmá.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀

Mo ti gbọ́. Mi ò tíì gbà.

Ọmọ Katikíìsì, Kábà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo lọ kí bàbá náà nírọ̀lẹ́ àná, mo ka *Nostra Aetate* sí wọn láti orí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́. Mo wá sọ ti àpótí bàbá mi. Wọ́n ní, "Aṣọ ìpọ̀ yẹn, ọwọ́ ta ló wà?" Mo ní ọwọ́ mi ni. Wọ́n ní kí n má gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ tí mo bá ń lọ ní Sátidé kí n gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án.