Àkóyawọ́ yàtọ̀ sí ìjíhìn: lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a fẹ́ lò fún òfin ọmọ ìlú àti owó ibùwọ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, èyí tó dá lórí òfin jíjẹ́ ọmọ ìlú àti owó tí ìjọba ń ná sórí ibùwọ̀ àwọn tó wá tọrọ ààbò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò lé lórí: “àkóyawọ́” fún accountability, “àlejò ìjọba” fún asylum seeker, ìyẹn ẹni tó wá tọrọ ààbò, “ìdánwò ọmọlúàbí” fún good character, ìyẹn ìwà tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú, àti “gbígba ìwé ọmọ ìlú” fún ọ̀nà yòówù tí èèyàn bá gbà di ọmọ ìlú. N ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, ìdí kan náà ni mo sì fi ta kò wọ́n: gbogbo wọn ló ń gbé ẹjọ́ kúrò lọ́rùn ìjọba, tí wọ́n ń gbé e lé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àkóyawọ́. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé ẹnì kan la ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí aráyé rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ti owó ibùwọ̀ yìí, ọwọ́ ti là tipẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, National Audit Office, àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò fún ilé aṣòfin, kéde pé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 láàárín Home Office, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ìwọ̀lú, àti ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń wá ibùwọ̀, Serco, Mears àti Clearsprings, tí wọ́n fojú bù sí bílíọ̀nù £4.5, yóò di bílíọ̀nù £15.3 kó tó parí ní 2029. Wọ́n ní àwọn tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìjọba wá ibùwọ̀ fún, síbẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó nǹkan bí ìdá 76 nínú owó ọdún kan lọ. Ẹ wo Northeye pẹ̀lú, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Bexhill. Mílíọ̀nù £6.3 ni àwọn tó ni ín rà á ní 2022. Nígbà tó fi máa di 2023, mílíọ̀nù £15.4 ni Home Office fi rà á lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú asbestos, ohun ìkọ́lé tó léwu fún ìlera, tó wà nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ohun tí a ò rí ni ẹni tó dìde láti ṣàlàyé. Ìdí nìyí tí “ìjíhìn” fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a nílò. Èèyàn kì í jíhìn lásán: ẹnì kan ní láti wà tí à ń jíhìn fún, nǹkan kan sì ní láti wà tí à ń jíhìn lé lórí. Èèyàn lè ṣe àkóyawọ́ nínú yàrá òfìfo. Bí ìwé ìléwọ́ bá kọ “ìjíhìn”, òǹkàwé á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ló ń jíhìn, ta sì ni wọ́n ń jíhìn fún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé bi àwọn ilé iṣẹ́ náà léèrè ní 2025, Mears ní mílíọ̀nù £13.8 wà nílẹ̀ tí àwọn fẹ́ dá padà nínú èrè tó ju bó ṣe yẹ lọ, Clearsprings ní mílíọ̀nù £32 ni tàwọn. Nígbà náà, Home Office ò tíì gbà á. Owó wà nílẹ̀, olówó ò lọ gbà á. Kí ni a fẹ́ pe ìyẹn ní àkóyawọ́ fún?

“Àlejò ìjọba” ló burú jù létí mi. Ẹni tí Yorùbá bá pè ní àlejò, oúnjẹ onílé ló ń jẹ. Bó bá sì pẹ́ jù, a á ní ó ti sú wa. Ta ló wá ń jẹun níbí? Ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un, owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ ní 2025 kò tó £10. Òfin ò gbà kó ṣiṣẹ́. Àfi bó bá dúró fún ọdún kan gbáko tí ìjọba ò dá a lóhùn ló tó lè tọrọ àyè, ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè fún un láyè ṣe. Nǹkan bí bílíọ̀nù £4.3 ni ìjọba ná sórí àwọn tó wá ààbò ní 2023 látinú owó ìrànwọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó ìrànwọ́ ọdún náà. Bí a bá ní “owó ìtọ́jú àlejò”, a ti fi ọ̀rọ̀ wa bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “owó ibùwọ̀”, ká sì dárúkọ ẹni tí wọ́n ń san án fún.

Ní ti èèyàn náà fúnra rẹ̀, “olùwá-ìsádi” ni mo fara mọ́. Ẹnì kan dábàá “ogúnléndé”. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe ogun nìkan ló ń lé èèyàn jáde. Òfin tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 láti fi ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin sẹ́wọ̀n lé àwọn kan wá sí Ìlú Ọba láìsí ìbọn kankan níbẹ̀.

Ó wá ku “ìdánwò ọmọlúàbí”, níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2025, Home Office yí ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá lórí bí ẹnì kan ṣe wọlé láìgba àṣẹ, wọn kì í sábà fi ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gba orí omi wá nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, tàbí tó fara pa mọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kíkọ̀ ni wọn yóò sábà kọ̀ fún un bó bá béèrè láti di ọmọ ìlú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ilé aṣòfin ò dìbò lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló tún ìwé ìlànà kọ, ó sì di àṣẹ. Àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí àwọn tó sá wá ààbò, tí Ìlú Ọba fọwọ́ sí, sì ní a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ olùwá-ìsádi nítorí pé ó wọlé láìgba àṣẹ, bó bá ti ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu wá tààrà, tó sì yára fara hàn.

Nítorí náà, kí ni a fẹ́ kọ? Bí obìnrin kan bá ti ń tọ́jú arúgbó ní Lewisham láti ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kò jalè, tí kò jẹ gbèsè owó orí, tí ìjọba wá kọ̀ fún un nítorí ọkọ̀ tó wọ̀ wá, ṣé a ó wá kọ ọ́ ní Yorùbá pé ó kùnà nínú ìdánwò ọmọlúàbí? Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nínú ilé wa. Ẹni tí a bá sọ pé kì í ṣe ọmọlúàbí, a ti bú ìyá àti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá kan nínú yín sọ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ kò ju pé kó tẹ̀ lé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ, pé “good character” ni wọ́n kọ, “ìwà rere” ló sì jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n nínú òfin wọn, ìwé ìlànà ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn: ọ̀ràn dídá, owó orí, gbèsè, irọ́ pípa, àti ọ̀nà téèyàn gbà wọlé. “Ìlànà àìlábàwọ́n” ni ká kọ, ká sì to ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò sí abẹ́ rẹ̀, kí èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n fi kọ̀ fún un.

Ní kúkúrú, “gbígba ìwé ọmọ ìlú” kò lè gba ọ̀nà méjèèjì tí èèyàn fi ń di ọmọ ìlú, ìyẹn naturalisation àti registration. “Ìsọdọmọ” dáa fún naturalisation, torí ìjọba ló ń wò ó bóyá kó gbà tàbí kó kọ̀. Ọ̀tọ̀ ni registration. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, bíbí tí wọ́n bí ọmọ sí Ìlú Ọba kò sọ ọ́ di ọmọ ìlú mọ́, àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò lọ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fi ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbé ibẹ̀, òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn òbí tó bá rò pé àánú ìjọba ni, wọn á máa fi í falẹ̀. £1,012 ni wọ́n ń gbà fún ìforúkọsílẹ̀ ọmọ kan nígbà kan, nígbà tó jẹ́ pé £372 ni iṣẹ́ náà ń ná ìjọba. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní òfin fàyè gbà á, ní 2022. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbà pé kí òbí tí kò lówó béèrè pé kí wọ́n yọ owó náà kúrò. “Ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́” ni mo dábàá, kí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n lè yọ kúrò sì wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tó ṣì ń dí mi lọ́wọ́ ni “settled”, ọ̀rọ̀ tí òfin fi ń pe ẹni tí ìjọba ti fún láyè láti máa gbé ìlú láìní gbèdéke. Ẹnì kan ti kọ “ẹni tó fìdí kalẹ̀”, èyí tó lè ṣi òǹkàwé lọ́nà, torí èèyàn lè ti fìdí kalẹ̀ sí Peckham láti ogún ọdún láìní àṣẹ kankan lọ́wọ́. “Ẹni tó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò lọ́jọ́” ni mo lò lókè yìí, ó sì gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó kó ìwé náà lọ sílé ìtẹ̀wé.