Ọkọ mi fẹ́ wakọ̀ láti Tokyo dé Osaka ní Golden Week, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàbá Tóbi ń lọ Japan ní ìparí oṣù kẹrin, ìyá mi máa bá wa mójú tó àwọn ọmọ, àwa méjèèjì péré la ń lọ. Ibi tọ́rọ̀ ti dàríyànjiyàn ni pé ọkọ mi ní òun máa rẹ́ǹtì mọ́tò ní Tokyo, òun á wà á dé Kyoto, dé Osaka, ó ní ṣebí ọwọ́ òsì làwọn náà ń gbà bíi ti ibí, kí ló wá le níbẹ̀. Èmi ti kà á pé Golden Week, ọ̀sẹ̀ ọlidé wọn, ló bọ́ sí, 29 oṣù kẹrin sí 5 oṣù karùn-ún, gbogbo ará Japan ló ń jáde lásìkò yẹn. Mi ò fẹ́ lo líìfù mi nínú gósíló. Mo fẹ́ rí Òkè Fuji, mo fẹ́ dé abúlé, mo sì fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn kiri ìlú kí n máa jẹun. Kí la máa ṣe? Ẹ má bú ọkọ mi o.

Bọ̀dá Yokohama
Ẹ kú ètò o, ìyá Tóbi. Kò burú kí ẹ̀gbọ́n wa wakọ̀, ọ̀nà tí wọ́n yàn ni kò dáa. Tokyo sí Osaka sún mọ́ 500 kìlómítà, márosẹ̀ Tomei ni wọ́n máa bá jáde, tó bá di àárọ̀ 3 oṣù karùn-ún ẹ máa rí mọ́tò tó tò bí èèrà tó rí ṣúgà. Owó tóògéètì ńkọ́? Ẹ̀dínwó 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa ń ṣe fún oní-káàdì ETC, káàdì tí wọ́n fi ń san owó tóògéètì, lópin ọ̀sẹ̀, wọn kì í ṣe é ní Golden Week. Ẹ wọ Shinkansen, reluwé asáré wọn, lọ Kyoto, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Ẹ ṣáà tètè búùkù, torí gbogbo ìjókòó Nozomi, Shinkansen tó yára jù lójú ọ̀nà yẹn, ló ń di ti oníbúùkù lásìkò yẹn, oṣù kan ṣáájú ni tíkẹ́ẹ̀tì ń jáde, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Japan níbí, òru ni lọ́dọ̀ yín.

Alàgbà Houston
Ẹ kàn sún un síwájú lọ́sẹ̀ kan, owó hòtẹ́ẹ̀lì á wálẹ̀, ọ̀nà á dá.

Ìyá Tóbi, Manchester
Bàbá, ẹ ṣé, àmọ́ líìfù wa ti wọlé, mátíróònì wa ò gba gbẹ̀rẹ́.

Ṣadé Leeds
Àǹtí mi, èmi àtọkọ mi ti ṣe é rí, ibi òkè la ti wakọ̀, a ò wà á nínú ìlú ńlá rárá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Shinjuku lọ sí Kawaguchiko kẹ́ ẹ rí Fuji, ẹ sùn síbẹ̀, àárọ̀ kùtù ló máa ń hàn dáadáa kí kùrukùru tó bò ó. Ẹ wọ reluwé dé Matsumoto, ààfin dúdú wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gba mọ́tò. Ẹ gba ọ̀nà 158, ihò Abo tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá máa gbé yín já sí ọ̀nà Takayama, lẹ́yìn náà Shirakawa-go, kẹ́ ẹ dá mọ́tò padà ní Kanazawa. Wọ́n máa gba owó díẹ̀ sí i torí ẹ ò dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e, ẹ san án jàre. Shirakawa-go labúlé tẹ́ ẹ ń wá, ilé koríko tí òrùlé ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ torí yìnyín, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 1995. Ẹ má lọ ọ̀sán o, èrò pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá rí yàrá, ẹ sùn síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ àwọn onílé lẹ ó kù sí.

Láísẹ́ǹsì UK nìkan ò tó o. Ẹ lọ gba IDP, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ti àdéhùn 1949, kì í ṣe ti 1968, ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe PayPoint ló ń ṣe é, £5.50.

Bàbá Tóbi
Èmi rèé o, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀. Mo gbà, ó di orí òkè. Tí mo bá wá mu bíà kan lálẹ́, tí ìyá Tóbi wakọ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Yokohama
Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Wọ́n lè wakọ̀ tí àwọn náà bá ní IDP tiwọn, tórúkọ wọn sì wà nínú ìwé mọ́tò. Àmọ́ kí ẹni tó máa wakọ̀ má fẹnu kan ọtí rárá, torí òfin ibí ń mú awakọ̀, ó ń mú ẹni tó fún un lọ́tí, ó tún ń mú ẹni tó mọ̀ pé ó mutí tó sì jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí reluwé ń gbà kọjá, ẹ dúró pátápátá, kódà tí ibẹ̀ bá dá. Tẹ́ ẹ bá rí páàkì tó ní irin pẹlẹbẹ nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, irin yẹn á dìde sábẹ́ mọ́tò kò ní jẹ́ kó lọ, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀rọ, ẹ sanwó, á wálẹ̀.

Ìyá Tóbi, Manchester
Ẹ ṣeun o. Mọ́tò kékeré oní-nọ́ńbà yẹ́lò lọkọ mi ń wò báyìí, àpótí wa ò lè wọ̀ ọ́.

Ṣadé Leeds
Ẹ fi àpótí ránṣẹ́ láti hòtẹ́ẹ̀lì Tokyo lọ sí ti Kanazawa, takkyubin ni wọ́n ń pè é, àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì á bá yín kọ fọ́ọ̀mù. Báàgì aṣọ bíi mélòó kan lẹ máa gbé sínú mọ́tò.