Ta ló ti gbé abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà lọ sí Kúbà rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Kúbà lóṣù kẹsàn-án: Havana, lẹ́yìn náà Matanzas, torí wọ́n fẹ́ fi etí ara wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin Yemọja níbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì ti gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Mo mọ̀ pé àsìkò ìjì líle ni.

Iná ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní iná máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí (ẹ má rẹ́rìn-ín, London ni mò ń gbé, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn). Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà màmá mi ò gbọ́dọ̀ gbóná. Mo ra kúlà kékeré kan, mo dán an wò nílé, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, yìnyín inú rẹ̀ ti di omi pátápátá. Kí lẹ̀yin lò?

Owó ńkọ́? Káàdì báńkì Amẹ́ríkà ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé ti ìlú ọba ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àbí kí n kúkú kó yúrò kéékèèké dání?