Èbúté kọ̀ǹténà: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ta ló sì ń sanwó èwo?

Olùwéwèé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Èbúté tí yóò máa gba kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tó 500,000 lọ́dún la fẹ́ kọ́. Ọkọ̀ tó tóbi jù gùn ní mítà 300. Tó bá kún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ omi ní mítà 14.5. Báwo ni ògiri èbúté àti yáàdì, ibi tí wọ́n ń to kọ̀ǹténà sí, ṣe máa tóbi tó? Ta ló ń sanwó èwo?

Omijinlẹ̀: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú omi, ẹ má tíì ra kéréènì. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún 14.5, ó di bíi mítà 16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú ọ̀nà tó wá láti agbami gbọ́dọ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì, pẹ̀lú àlàfo mítà 30 láàárín àti ní ìpẹ̀kun méjèèjì, jẹ́ mítà 690. Ẹ má gbà kí wọ́n gé e sí àyè ọkọ̀ kan.

Alábòójútó Yáàdì: Iye ọjọ́ tí ẹrù ń lò nílẹ̀ ló ń sọ bí yáàdì ṣe máa fẹ̀ tó. Bí kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan bá ń lo ọjọ́ 7, 500,000 × 7 ÷ 365 jẹ́ nǹkan bí 9,590 tó máa wà nílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí yáàdì bá sì ti kún ju ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣe ni wọ́n á máa sọ tòkè kalẹ̀ kí wọ́n tó rí tìsàlẹ̀ yọ. Nítorí náà, ẹ wá àyè kọ̀ǹténà 14,750 (9,590 ÷ 0.65). Bí aṣọ́bodè bá dá ẹrù dúró di ọjọ́ 14, ó di ìlọ́po méjì nìyẹn, kò sì sí kéréènì tó lè gbà yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo irin tí kéréènì ń rìn lórí rẹ̀. Tiwájú wà lórí ògiri. Tẹ̀yìn jìnnà sí i bíi mítà 30, lórí yanrìn tí wọ́n rọ́ sínú omi. Yanrìn yẹn á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin méjèèjì á yẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n, táyà irin kéréènì á sì máa họ ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ. Ẹ gbé irin ẹ̀yìn náà ka orí òpó tí wọ́n gbá wọlẹ̀.

Olówó Èbúté: Ìjọba ló sábà máa ń gbẹ́ ọ̀nà omi, tó sì ń mọ odi tó ń dá ìgbì dúró. Olùgbàṣe, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó gba èbúté láti máa darí rẹ̀, ló ń ra kéréènì, tó ń tẹ́ yáàdì. Àdéhùn rẹ̀ sì lè tó ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báńkì máa béèrè ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó ti fọwọ́ sí i pé òun á máa wá. Èbúté tuntun kì í kún lọ́jọ́ kìíní, nítorí náà kí sísan gbèsè má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kíkọ́ bá parí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa kó yanrìn tó ń padà wá sójú ọ̀nà omi sínú àdéhùn. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, mítà 16 á di 14, ọkọ̀ ńlá á yà sí ibòmíràn.

Olùwéwèé: Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ 5 la fi ṣírò yáàdì tẹ́lẹ̀.

Alábòójútó Yáàdì: Ẹ tún un ṣe. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ìwọlé àti ìjáde ẹrù ní èbúté tó sún mọ́ yín jù, oṣù tí ẹrù pọ̀ jù lọ́dún ni kẹ́ ẹ mú.