Ta ti oòrùn, ra ti òru: ìrírí wa lórí owó iná, sólà àti mọ́tò oníná

Ìyá Ìbejì, Kent

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni owó iná wa ò pa wá lára látìgbà tá a ti ra mọ́tò oníná, torí lójú gbogbo ayé, ohun tó ń jẹ iná la tún gbé wọlé. Ká ní kí n da owó epo àti owó iná pọ̀, owó tó ń jáde lápò wa ti wálẹ̀ gan-an. Àmọ́ kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé nìkan ló ṣe é. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké, kí ẹnì kan má lọ ná owó ńlá kó wá máa retí ohun tí kò ní rí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ilé wọn gan-an la ti ń bá wọn, láti Chatham títí dé Maidstone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ojoojúmọ́ ni mo wà lójú títì. Mọ́tò oní-pẹtiróòlù tí mo ń wà tẹ́lẹ̀, bá a bá fi lítà kan sí £1.35, máìlì kọ̀ọ̀kan ń gba bíi pẹ́ńsì 15 lọ́wọ́ mi, owó epo tí ibi iṣẹ́ ń san ò sì ká a.

Sólà ló kọ́kọ́ dé. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé tó kọjú sí gúúsù, kílówáàtì 4 lápapọ̀. Láti oṣù Kẹrin 2022 ni ìjọba ti yọ VAT, ìyẹn owó orí ọjà, kúrò lórí sólà ilé, títí di ìparí oṣù Kẹta 2027, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi tètè gbà. Ní oṣù Kẹfà, yúnìtì tó máa ń wọlé ń lé ní 500. Tó bá di oṣù Kejìlá, ó ṣòro kó pé 100. Oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, kó tó di aago mẹ́rin, ó ti wọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sólà nìkan á máa gbé mọ́tò yín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin nílùú yìí, ọjà ló ń tà.

Aago ló yí owó wa padà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná níbí, máa ń kéde iye tí ilé-iṣẹ́ iná ò gbọ́dọ̀ kọjá lórí yúnìtì. Ní ìparí 2025, bíi pẹ́ńsì 26 ni yúnìtì kan. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ iná míì ní owó òru fún ẹni tó bá ní mọ́tò oníná àti mítà ìgbàlódé. Tiwa, láti aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ sí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, pẹ́ńsì 7 ni. Mo lè ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí n ki ẹnu wáyà bọ mọ́tò, kò ní fa nǹkan kan. Tí àkókò bá tó, èèyàn á gbọ́ tí àpótí ara ògiri yẹn á ró "tá" lẹ́ẹ̀kan, iná kékeré iwájú ẹ̀ á yí kúrò ní àwọ̀ ewé, mọ́tò ti ń mu nìyẹn. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, yúnìtì 40 ti wọlé, owó ẹ̀ ò ju £2.80 lọ. Ká ní owó ojúmọmọ ni, á lé ní £10. Tó bá jẹ́ ṣájà alágbára ti etí ọ̀nà márosẹ̀ ni, níbi tí yúnìtì ti ń kọjá pẹ́ńsì 70, £28 sókè ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbà tí mo bá sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Oòrùn ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi ṣájì mọ́tò yín." Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Yúnìtì kan tí pánẹ́ẹ̀lì wa bá tì jáde sórí wáyà àdúgbò, pẹ́ńsì 15 ni ilé-iṣẹ́ iná ń rà á lọ́wọ́ wa. Yúnìtì òru, pẹ́ńsì 7. Tí mo bá da ti ọ̀sán sínú mọ́tò, mo ti pàdánù pẹ́ńsì 15 torí kí n má san pẹ́ńsì 7. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ti oòrùn, tí mo sì ń ra ti òru. Owó ọ̀sán nínú ètò wa yìí ga díẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, àmọ́ ọ̀sán ni sólà ń gbé fíríìjì àti kẹ́tù, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ti di ti òru. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ nìkan ni mi ò kì í tàn nígbà táwọn ọmọ bá ń sùn, nítorí ewu iná.

Òfin ti wà láti oṣù Kìíní 2020 pé káwọn ilé-iṣẹ́ iná ńlá máa ra iná lọ́wọ́ onílé, àmọ́ òfin ò sọ iye tí wọ́n máa rà á. Bí kò bá ṣáà ti jẹ́ òfo, wọ́n ti tẹ̀ lé òfin. Torí náà, ẹ ná ọjà wò dáadáa. Ìwé ẹ̀rí MCS, tó ń fi hàn pé iṣẹ́ sólà yín bá ìlànà mu, ni wọ́n sì máa bi yín. Àwọn tó gbé pánẹ́ẹ̀lì wa gòkè fi ìwé yẹn falẹ̀ títí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbogbo iná tó jáde lásìkò yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́ ló lọ. Inú bí mi gan-an, inú sì ṣì ń bí mi. Ẹ má san owó tó kù fún wọn kí ìwé tó wọ ọwọ́ yín.

Ẹ tún wo wáyà ilé yín kẹ́ ẹ tó sanwó ṣájà. Ilé tó so mọ́ra lọ rẹrẹ, ti ayé àtijọ́, nilé wa. Nígbà tí oníná wá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí mítà, ó ní wáyà tó ti ojú pópó wọlé wa náà ló gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò ṣeé so ṣájà mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò wá gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ ó gba sùúrù, a sì ní láti lọ bẹ aládùúgbò kó tó gbà kí wọ́n gbẹ́ iwájú ilé òun náà.

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Manchester

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti là mí lójú. Ìṣòro tèmi ni pé iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Lákòókò tí owó iná kéré lóru, ọgbà ọsibítù ni mọ́tò mi wà. Ọ̀sán ni mò ń sùn, ìgbà yẹn náà ni mọ́tò wà níwájú ilé, nínú oòrùn.

Mo wá ra ṣájà tó ní ìlànà sólà nìkan. Ó ń wo iye iná tó fẹ́ jáde nílé, ìyẹn ló ń darí sínú mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ṣájà kankan ò lè fún mọ́tò ní iná tó kéré sí ámpù 6, bíi wáàtì 1,400 nìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ni mo ní. Tí ìkùukùu Manchester bá bò ó, tó já wálẹ̀ sí wáàtì 900, ṣájà á dákẹ́ fọ́ọ́. Tójú ọ̀run bá là, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń rí èyí tó tó mi lọ síbi iṣẹ́ kí n sì padà. Nígbà òtútù, ọjọ́ ìsinmi mi ni mo ń kún un lóru. Mo ṣírò ohun tẹ́ ẹ sọ nípa títa ti oòrùn, òótọ́ ni, àmọ́ fún ẹni tí kì í sí nílé lóru, ti oòrùn ṣì sàn ju ṣájà ìta lọ fíìfíì.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Lọ́dọ̀ wa, ńṣe ló yí padà bìrí. Kò sí owó òru, kò sí owó ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó ń ra iná lọ́wọ́ mi. Band A, ìpele tí wọ́n ní kó máa rí iná jù lọ, ni àdúgbò wa. Ní oṣù Kẹrin 2024, yúnìtì tó wà ní ₦68 fò lọ sí ₦225. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò kúrò ní ₦200 ó lé. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ní ká máa rí. Ọjọ́ tá a bá rí i, a ó dúpẹ́.

Bátìrì lítíọ́mù tí sólà mi ń ṣájì sábà máa ń kún tó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Látìgbà yẹn, oòrùn ń ràn lásán lórí òrùlé, kò síbi tí iná ẹ̀ ń lọ. Àkókò yẹn gan-an ni ìyàwó mi ń lọ aṣọ, tá a ń fa omi kànga sókè, tí mo sì ń ṣájì mọ́tò oníná kékeré tí mo rà ní tòkunbọ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń lò, ámpù 10, bíi wáàtì 2,300. Ẹ má fi wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣàn ṣe é láé. Wáyà tó nípọn ni mo ní kí oníná fà tààrà láti bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú bíríkà tirẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo máa ń fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Tó bá ti ń gbóná jù, màá dín ámpù kù lójú ẹsẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì bí ẹní da ìyẹ̀fun sí i. Àárọ̀ kùtù, kó tó gbóná, la ń fi omi lásán àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún.

Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦185 tó lọ kọjá ₦800, jẹnẹrétọ̀ wa ti ń sinmi. Ìyá Ìbejì, àbúrò mi tó wà ní Leeds ní ìjọba yín fẹ́ máa gbowó lórí máìlì tí mọ́tò oníná bá rìn. Ṣé ó ṣì máa jèrè báyìí?

Ìyá Ìbejì, Kent

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Nínú ètò ìṣúná oṣù Kọkànlá 2025 ni wọ́n ti kéde ẹ̀: pẹ́ńsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹrin 2028. Owó ojú pópó tí onímọ́tò ń san lọ́dọọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ fún wa láti oṣù Kẹrin 2025, £195 lọ́dún yẹn.

Mọ́tò mi ń rin bíi máìlì 3.5 lórí yúnìtì kan. Pẹ́ńsì 7 òru pín sí i, pẹ́ńsì 2 ni máìlì kan. Ẹ fi 3 kún un, ó di 5. Pẹtiróòlù wà ní 15, ó ṣì jèrè dáadáa. Ibi tó ń dùn mí ni ti ẹni tó ń ṣájì níta ní ṣájà alágbára: pẹ́ńsì 20 ni máìlì ẹ̀ lónìí, á di 23, ó ti ju pẹtiróòlù lọ. VAT iná ilé, 5% ni. Ti ìta, 20%. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé fúláàtì ní London ló wà nínú ìyẹn, kò dáa rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé tiyín àmọ́ tẹ́ ò ní àyè mọ́tò níwájú ilé, ẹ kọ̀wé sí káńsù yín. Àwọn káńsù kan ń gbà kí wọ́n gé ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wáyà gba abẹ́ ẹ̀ dé ẹ̀bá títì láìdí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Gillingham ń dúró de èsì tiwọn báyìí. Tó bá ti dé, màá sọ iye tí wọ́n gbà.